Ẹ̀rọ Tí Kò Ní Aṣọ Nínú

Nínú ilé yẹn, tí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, kálukú á wábi gbà ni. Ìdí rẹ̀ ò ju pé ẹni tó bá ṣèèṣì yọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà, Nọ́ọ̀sì á ti na etí bẹ́dìṣíìtì tútù sí i pé kó bá òun di ibẹ̀ mú. Láti orí bẹ́dìṣíìtì, ó di kó máa wá ìkejì ìbọ̀sẹ̀. Láti orí ìbọ̀sẹ̀, ó di kó máa lọ yunifọ́ọ̀mù. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá ti hó báyìí, Tíṣà Mọ́tò, ọkọ rẹ̀, á rántí pé òun fẹ́ pe ẹnì kan lórí fóònù, ìta gan-an ló sì ti máa ń gbọ́ ohùn dáadáa. Àkọ́bí, ọmọbìnrin tó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, á rántí iṣẹ́ àṣetiléwá, òun tí wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ títí ẹnu á fi fẹ́ẹ̀ bó kó tó ṣíwèé láwọn ọjọ́ yòókù. Ìkejì, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, á sùn lọ lójijì. Àbíkẹ́yìn, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká, á wọ abẹ́ tábìlì, á sì máa mí díẹ̀díẹ̀.

Èèyàn dáadáa ni wọ́n o. Kò sí ẹni burúkú kankan nínú wọn, ohun tó tiẹ̀ ń dunni nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ìkà ni wọ́n, ìbínú èèyàn á mọ ibi tí yóò bà sí.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni Nọ́ọ̀sì ń ṣe ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Láti àárọ̀ làwọn ìyá á ti tò sórí bẹ́ńṣì, ọmọ lórí itan, káàdì lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó di ẹsẹ̀ ọmọ mú, kó wá ibi tí ẹran ti pọ̀, kó gún un, kó sì ti fi òwú bo ojú abẹ́rẹ́ kí ọmọ náà tó rántí pé ó yẹ kí òun ké. Gbogbo ìyá ló máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lásìkò yẹn. Òun nìkan ni kò gbọ́dọ̀ yíjú. Igbe ló ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dé ìparí, bó bá sì kúrò níbẹ̀, etí rẹ̀ á ṣì máa hó nínú bọ́ọ̀sì. Ó wá délé, ilé ò tún jẹ́ kó rímú mí. Màmi, ìbọ̀sẹ̀ mi dà? Màmi, ta ló mu omi inú ìgò mi? Ìyá wọn, ibo la kó síbí sí? Síbí o! Inú kọ́ọ̀bù ńlá kan náà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù ni síbí ti wà láti ìgbà tí wọ́n ti kó wọ ilé náà. Lọ́jọ́ kan, ìbọ̀sẹ̀ tí Ìkejì ń pariwo lé lórí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà. Nọ́ọ̀sì ti tú yàrá méjì palẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ ọmọ náà. Kò sẹ́ni tó ní pẹ̀lẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí.

Àkọ́bí ló mú ìwé wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé onídìpọ̀ méje kan wà tí gbogbo kíláàsì wọn ń kà nígbà náà, ìtàn ọmọbìnrin kan tó ṣàdédé rí i pé òun lè wọ inú òjìji ẹlòmíràn bí ẹni ń wọ odò. Tó bá ti wọ ibẹ̀, kò sí alààyè tó lè pè é kó gbọ́. Àwọn tí ń gbé inú òjìji nìkan ló kù tí wọ́n lè bá a sọ̀rọ̀: àwọn òkú tí kò mọ̀ pé àwọn ti kú, àwọn ẹbọra tí ń jẹ ìrántí ọmọ aráyé, àti ọ̀dọ́kùnrin arẹwà kan tí kò tíì kúrò ní ọmọ ọdún méjìdínlógún láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Àkọ́bí ka ìdìpọ̀ kìíní, ó ka ìkejì dé ìdajì, ó sú u, ó sì gbé méjèèjì jù sẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ. Níbi tí Nọ́ọ̀sì ti ń wá ṣẹ́ẹ̀tì tó já bọ́ síbẹ̀ ló ti fà wọ́n jáde. Ó kàn fẹ́ nu eruku ara wọn ni. Ó ṣí ti ìkíní wò, ó rọra fìdí lé korobá kan tó dojú dé.

Kò mọ ìgbà tí ẹ̀rọ dákẹ́. Àbíkẹ́yìn ló mọ̀. Ariwo omi ò tíì dáwọ́ dúró tán tí ọmọ náà fi yọ sí ẹnu ọ̀nà pé eyín òun tún ń mì, kí Màmi wá wò ó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ìkejì dé pẹ̀lú bọ́tìnnì tó já. Lẹ́yìn náà ni bàbá wọn dé, ó ń wá síbí. Ìgbà yẹn ló wá yé Nọ́ọ̀sì yékéyéké pé òun kọ́ ni wọn ò fẹ́ dí lọ́wọ́, ẹ̀rọ ni wọ́n ń sá fún. Ó wo eyín, ó gba bọ́tìnnì, ó júwe síbí. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tan ẹ̀rọ náà padà. Kò sí aṣọ kankan nínú rẹ̀. Omi ń yí lásán, ó ń hó, ó ń mi ilẹ̀, gbogbo ilé sì tún fọ́n ká bí wọ́n ti máa ń ṣe. Orí mẹ́ta ló kà lórí ìjókòó kan.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó bá ti fọ aṣọ ilé tán, á tún tan ẹ̀rọ sí i, á sì gbé korobá rẹ̀ dojú dé. Ẹ má wá bèèrè ohun tí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, tí irun ẹ̀bá etí rẹ̀ ti ń funfun, rí nínú ìtàn ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ẹni tó bá ń bèèrè bẹ́ẹ̀, kò tíì gbé nínú ilé tí wọ́n ti ń pè é láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni. Ọmọbìnrin inú ìwé yìí ń sá fún ẹbọra, ó ń ṣubú, ó ń dìde, ó ń fẹ́ ẹni tí kò yẹ kó fẹ́, síbẹ̀ nínú gbogbo wàhálà yẹn, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó bi í pé kí ni wọ́n máa jẹ lálẹ́. Ìyẹn nìkan tó kí èèyàn máa kàwé fún. Nọ́ọ̀sì á fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ní ìdìpọ̀ kẹrin, nígbà tí ẹbọra kan jẹ gbogbo ohun tí ọmọ náà rántí nípa ìyá rẹ̀, Nọ́ọ̀sì sunkún tó fi ń gbọ̀n, ẹ̀rọ sì ń bá a gbọ̀n. Kò sí ohun mìíràn nínú ọjọ́ rẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀, wákàtí yẹn nìkan ni.

Láti ìdìpọ̀ kẹta lọ, ilé ìkàwé tó wà nítòsí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló ti ń yá wọn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀dọ́mọbìnrin tó jókòó sí ìdí tábìlì ibẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní Màmá yìí mà ń tọ́jú ọmọ o, ẹ wo ìwé tí wọ́n ń yá fún un. Nọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ tó pa yẹn dùn ún títí ó fi délé. Kí ló ń parọ́ sí? Tíṣà Mọ́tò kì í parọ́ tó bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Pálọ̀ ló ti ń wò ó, á na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí tábìlì, gbogbo ilé á sì máa yọ́ ẹsẹ̀ rìn. Òun wá ń kàwé bí ẹni jí i gbé. Àpò ìrọ̀rí ògbólógbòó kan ló máa ń fi wé e, á so ẹnu rẹ̀, á sì tì í sí ìsàlẹ̀ agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí. Kò sí ibi ìpamọ́ tó tó ibẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbé ilé náà, kò sí ọwọ́ mìíràn tó tíì dé ìsàlẹ̀ agbọ̀n yẹn rí. Òkèèrè ni wọ́n ti máa ń ju aṣọ sí i bí ẹni ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, bí kò bá sì wọlé, ilẹ̀ náà ló máa wà títí Nọ́ọ̀sì á fi dé.

Ẹ má rò pé Tíṣà Mọ́tò ò fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà, kó jókòó ti ẹni tó ń tẹ ibi tí kò yẹ kó tẹ̀, kó sì máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Onísùúrù ni. Ó ń gbọ́ ẹ̀rọ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ó ń gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, àánú Ìyá wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó ní aṣọ fífọ̀ yìí máa pa obìnrin náà. Ẹ ò rí nǹkan! Ó gbà pé iṣẹ́ fẹ́ pa á, kò sì ṣílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó ní òun wá ràn án lọ́wọ́. Ká ní ó ṣí i ni, ì bá ti bá a lórí korobá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ì bá sì parí sí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, Àǹtí ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan àwọn tó dàgbà jù ú lọ. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé ló jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì fẹ̀yìn tì lọ́rùn àwọn mọ̀lẹ́bí. Tó bá gbọ́ ìṣòro, ojútùú ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà náà ni yóò tó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó mọ alágbàfọ̀ kan tó ní ọkọ̀ àti òṣìṣẹ́, tó máa ń wá kó aṣọ nílé oníbàárà, á sì dá a padà ní lílọ̀. Òun àti àbúrò rẹ̀ fẹnu kò, wọ́n sọ fáwọn ọmọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ tú àṣírí, wọ́n sì dúró de ọjọ́ Sátidé kan tí Nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tó dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gbogbo wọn ti tò sí pálọ̀ bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Àǹtí ló sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó wa, láti òní lọ, o ò ní fọ aṣọ kankan mọ́ nínú ilé yìí. Alágbàfọ̀ á máa wá kó o. A ti rí gbogbo làálàá tí ò ń ṣe, ó tó gẹ́ẹ́."

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ojú Tíṣà Mọ́tò ń dán, ó ń retí kí inú ìyàwó rẹ̀ dùn. Wọ́n wá mú un lọ síbi yàrá kékeré náà kó lọ fojú ara rẹ̀ rí i. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ lọ fún ọmọ Àǹtí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Wọ́n ti kó táyà ọkọ̀ ilé-ìwé mọ́tò kún ibẹ̀, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ Ìkejì ti ògiri, kí táyà sì lè rí ọ̀nà kọjá, wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn. Ní ti agbọ̀n aṣọ méjèèjì, alágbàfọ̀ ti gbé wọn láti àárọ̀.

Kí ni kó sọ? Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì ká aṣọ kan rí láyé wọn. Lẹ́yìn náà ló yọ́ jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó pe alágbàfọ̀ náà, ó ní ẹrù kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ agbọ̀n tó tóbi, kó jọ̀ọ́, kó bá òun yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ọkùnrin náà lọ́yàyà. Ó ní kí Màdáámù fọkàn balẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá ti wà nínú omi gbígbóná.

Ìdìpọ̀ keje ló wà nínú àpò ìrọ̀rí yẹn. Ó ti kà á dé ibi tí ọmọbìnrin náà ti gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan: kó dúró sínú òjìji títí láé, tàbí kó padà sílé, kó sì gbàgbé gbogbo ohun tó rí. Orí mẹ́ta péré ló kù. Nọ́ọ̀sì dúró sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Èwo ni kó bínú sí? Oore ni wọ́n pe èyí. Wọ́n ṣe é lóore, wọ́n gba ẹ̀rọ, wọ́n gba yàrá, wọ́n yọ ilẹ̀kùn, wọ́n fi ìwé rẹ̀ se lọ́bẹ̀, wọ́n sì tún ń retí ẹ̀rín.

Ìyà tó wá tẹ̀lé e kì í ṣe kékeré. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti dilẹ̀ lójú wọn, wọ́n wá rí i pè. Tíṣà Mọ́tò ní níwọ̀n ìgbà tí kò sí aṣọ fífọ̀ mọ́, ṣé kó máa bá Àbíkẹ́yìn ka ìṣirò nírọ̀lẹ́. Àǹtí ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìgbìmọ̀ àwọn ìyá tó ń tún ọgbà ilé-ìwé ṣe, kò tiẹ̀ bi í. Ìkejì gbé bàtà wá kó bá òun gán an. Ó gbìyànjú bàlùwẹ̀. Kò tíì jókòó tán tí ẹnì kan fi kan ilẹ̀kùn pé ṣé ó máa pẹ́. Ó gbìyànjú bọ́ọ̀sì, àmọ́ ìdúró ni wọ́n máa ń wà nínú rẹ̀. Ó dé ibi tí inú ń bí i sí síbí. Ó máa ń rí kọ́ọ̀bù síbí yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, á sì ṣe é bíi kó gbé e jù sójú títì.

Àwọn ọmọ ò fura. Ọkọ rẹ̀ rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni, ó ní ó dára tí àwọn tètè gba iṣẹ́ aṣọ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Alágbàfọ̀ wá kó aṣọ dé ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan tí Àǹtí wá kí wọn. Ó fajú ro. Gbogbo aṣọ náà ni nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́, ó wé mọ́ bọ́tìnnì, ó há sínú àpò, ó sì bo sòkòtò dúdú tí Tíṣà Mọ́tò fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìpàdé àwọn onílé-ìwé mọ́tò bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n má bínú, àwọn ti fọ̀ ọ́ léraléra. Ó wá fa ọ̀rá kan jáde, ó ní nǹkan tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nìyí. Àpò ìrọ̀rí kan ló wà ní sísò. Àwọn òṣìṣẹ́ òun rò pé ìbọ̀sẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó ní òun ti ń fọṣọ tipẹ́, òun ò tíì rí ilé tí wọ́n ti ń kó ìwé mọ́ aṣọ ìdọ̀tí. Ó kí wọn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àǹtí tú ọ̀rá náà sórí tábìlì. Inú ìwé ti di ẹ̀kọ, àmọ́ páálí ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì jẹrà tán. Àwòrán ọmọbìnrin kan tó dúró sínú oòrùn láìní òjìji ṣì hàn lára rẹ̀, nǹkan kan tí ojú rẹ̀ pọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀, òǹtẹ̀ ilé ìkàwé sì wà ní igun kan. Kò sẹ́ni tó ní láti wádìí jìnnà. Gbogbo ilé ló mọ ẹni tó kọ́kọ́ gbé irú ìwé yẹn wọlé. Ojú gbogbo wọn yí sí Àkọ́bí.

Àǹtí sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà níwájú gbogbo ilé-ìwé. Ó ní irú ìwé ẹbọra báyìí ló ń ba orí ọmọ jẹ́. Ó ní ọmọ tó bá ti ń fi ìwé pamọ́ sínú agbọ̀n aṣọ, ó ní nǹkan mìíràn tó ń fi pamọ́. Ó ní kí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, kó má sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìrìn-àjò kíláàsì wọn, èyí tí ọmọ náà ti ń dúró dè láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Tíṣà Mọ́tò wo sòkòtò rẹ̀, ó ní bó ṣe máa rí nìyẹn.

Àkọ́bí la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ó sì pa á dé. Ojú tó fi wò ó yẹn jẹ́ kí Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ọmọ náà ti mọ̀ tipẹ́, ó ti ń bo òun láṣìírí láti ọjọ́ yìí.

"Ẹ má bínú, Àǹtí," ni Àkọ́bí sọ, ó sì kúnlẹ̀.

Tí ọmọ náà bá ti jiyàn ni, bóyá Nọ́ọ̀sì ì bá tún lè gbé e mì. Àmọ́ kíkúnlẹ̀ yẹn ni kò lè gbà. Ó rí ọmọ òun tó ń tọrọ àforíjì fún ohun tí kò ṣe, jẹ́jẹ́, láìsí wàhálà, bí ẹni tó ti ń kọ́ ọ lára ẹnì kan fún ìgbà pípẹ́. Ta ló kọ́ ọ bí kò ṣe òun? Orí rẹ̀ gbóná.

"Dìde," ló sọ fún un. "Èmi ni mo ni ìwé yẹn."

Tíṣà Mọ́tò rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ó ń gbèjà ọmọ ni. Ó ní kí Ìyá wọn má ba ọmọ jẹ́, ìwé ọmọdé lèyí.

"Ìwé mi ni. Mo ti ka mẹ́fà, mo sì ń ka ìkeje lọ́wọ́, ó ku orí mẹ́ta. Ẹ̀rọ tí ẹ ń gbọ́ nírọ̀lẹ́ yẹn, tí àánú mi ń ṣe yín, kò sí aṣọ nínú rẹ̀. Mò ń tàn án kẹ́ ẹ lè fi mí sílẹ̀ ni."

Ìkejì wo bàbá rẹ̀. Tíṣà Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan nípa gbogbo omi yẹn, gbogbo iná yẹn, ó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì yáa gbé e jù sílẹ̀. Ohùn tó fi ń kọ́ni ní mọ́tò ló wá gbé wọ̀, ohùn jẹ́jẹ́ tí kì í dẹ́rù ba ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

"O ò bá sì ti sọ fún mi. Ṣebí ǹ bá ti fún ẹ láàyè."

Ẹ wo ọ̀rọ̀! Kò mọ̀ pé ohun tí òun sọ burú. Inú rere ló fi sọ ọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, Nọ́ọ̀sì kì í pe ọkọ rẹ̀ ní ìwọ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, kò rántí.

"Ọwọ́ ta ni ìwọ ti ń tọrọ ààyè tó o bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù? Ọjọ́ wo lo fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ kó o tó lè sinmi? Ààyè tó o fẹ́ fún mi yẹn, ta ló kó o fún ẹ pé kó o máa pín in?"

Tíṣà Mọ́tò ń yí sòkòtò dúdú náà lọ́wọ́, ó ń ṣa èérún ìwé tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ń retí kí Àǹtí fi ọ̀rọ̀ gbá ìyá wọn mọ́lẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbé ohùn sókè níwájú Àǹtí. Ṣùgbọ́n Àǹtí ń wo páálí ìwé tó wà lórí tábìlì ni, nígbà tó sì sọ̀rọ̀, ohùn ọ̀gá àgbà ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ṣé wọ́n rántí àwọn ìpàdé olùkọ́ tí òun máa ń lọ ní gbogbo Sátidé nígbà tí àwọn ọmọ òun ṣì kéré. Tíṣà Mọ́tò ní òun rántí, òun lòun máa ń bá wọn jókòó ti àwọn ọmọ.

"Kò sí ìpàdé kankan," ni Àǹtí sọ. "Mo máa ń lọ ti ara mi mọ́ ọ́fíìsì, màá jókòó, màá máa wo ògiri. Ọkọ mi kú, kò mọ̀."

Ẹnu ya àbúrò rẹ̀. Àǹtí wá gbójú sókè wo Nọ́ọ̀sì, ojú rẹ̀ rọ̀, ó ń retí pé kí ọ̀rọ̀ náà tu ìyàwó àbúrò òun lára, kí àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín sí i bí obìnrin sí obìnrin. Ó tiẹ̀ ti ń na ọwọ́. Kò mọ̀ pé epo ni òun dà sí iná.

"Ẹ mọ̀, Àǹtí," ni Nọ́ọ̀sì sọ. Kò pariwo mọ́. "Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lára, ẹ sì yọ ilẹ̀kùn mi."

Àǹtí fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó fẹ́ sọ pé òun ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí, ṣùgbọ́n ó rántí pé òun ò bèèrè. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní kó dìde kíá, kó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kó lọ gbé ẹ̀rọ náà padà wá nílé ọmọ òun. Kó so ilẹ̀kùn náà padà pẹ̀lú. Ojútùú tún ti dé. Tíṣà Mọ́tò ti dìde, inú rẹ̀ dùn pé nǹkan kan wà tí òun lè gbé.

Nọ́ọ̀sì ní kó jókòó. Ó ní òun ò fẹ́ ẹ̀rọ. Ìyàwó tuntun tí wọ́n gbé e fún, kó máa fi í fọ aṣọ rẹ̀. Ó ní ìwé ilé ìkàwé tí wọ́n bàjẹ́, bàbá wọn ló máa lọ ra òmíràn dípò rẹ̀, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn níbẹ̀ pé ìyàwó òun ló ń kà á. Kò gbọ́dọ̀ sọ pé ọmọ òun ni. Àkọ́bí ń lọ sí ìrìn-àjò rẹ̀. Ó sọ wọ̀nyí bí ẹni tó ń sọ fún ìyá ọmọ pé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ni abẹ́rẹ́ máa bọ́ sí. Kò dúró gbọ́ èsì. Ó kọjá láàárín wọn, ó wọ yàrá, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀kùn.

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ lára. Kò sí ẹ̀rọ tó ń dún fún un, kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sùn. Ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní pálọ̀, ó gbọ́ ikọ́ ọkọ rẹ̀ tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, tó dúró díẹ̀, tó sì padà. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹsẹ̀ kékeré.

"Màmi, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?" Àbíkẹ́yìn ni.

"Mi ò ṣe nǹkan kan."

"Ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ara mi yá."

"Ṣé kí n wọlé?"

"Rárá."

Ó la ẹnu sílẹ̀ fún ìdí tó máa ń tẹ̀ lé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, pé orí ń fọ́ òun, pé aṣọ wà nínú omi, pé òun ń bọ̀ báyìí. Kò sí èyí tó jáde. Rárá náà dá dúró fúnra rẹ̀ nínú yàrá. Ó gbọ́ tí ọmọ náà wọ́ ẹsẹ̀ padà lọ sí pálọ̀, tó ń lọ jíṣẹ́ fún wọn pé Màmi ní rárá.